Ìlẹ̀kẹ̀ Bébà ní Òkè Kireka

Ẹni tó bá gba títì Jinja jáde ní Kampala, olú ìlú Uganda, yóò kọjá Banda kó tó kan Kireka. Òkè kan wà níbẹ̀ tí ilé kéékèèké fara ti ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, páànù lórí páànù. Acholi Quarter ni wọ́n ń pè é, torí pé àwọn Acholi tí ogun lé kúrò ní ìhà àríwá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ibi ìfọ́kùúta kan wà nítòsí wọn. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ ni bí àwọn kan lára àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣe ti ìdí òkúta bọ́ sí ìdí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń fi àlòkù bébà ṣe, ibi tí iṣẹ́ náà gbé wọn dé, àti ibi tí agbára rẹ̀ pin sí.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tó lé wọn dé Kampala. Yoweri Museveni gbàjọba ní oṣù kìíní ọdún 1986. Kò pẹ́ sí i ni Joseph Kony, ọmọ Acholi fúnra rẹ̀, kó àwọn jagunjagun tí ayé wá mọ̀ sí Lord's Resistance Army jọ. Ó ní ìjọba lòun ń bá jà, àmọ́ orí àwọn èèyàn tirẹ̀ gan-an ni gbogbo ìyà náà dà lé. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ a wọ abúlé lóru, wọn a kó ọmọdé lọ, wọn a gbé ìbọn lé ọkùnrin lọ́wọ́, wọn a sọ obìnrin di ìyàwó tipátipá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1996, ọmọbìnrin 139 ni wọ́n kó lóru ọjọ́ kan ṣoṣo ní ilé ẹ̀kọ́ Aboke, ní ilẹ̀ Lango tó múlé gbe Acholi. Ìjọba ní tirẹ̀ kó àwọn ará oko jọ sínú àgọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 2005, àwọn tí ogun lé kúrò nílé wọn ní àríwá Uganda ti lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Ẹni tó bá rí owó ọkọ̀, tàbí tó ní ìbátan kan ní Kampala, ibẹ̀ ló forí lé.

Àgbẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn obìnrin yìí, àwọn tó ń gbin ọkà bàbà àti yánmọtí. Ilẹ̀ oko kò sí ní Kireka. Luganda ni èdè ọjà Kampala, Luo sì ni àwọn Acholi ń sọ, èdè méjèèjì kò sì bá ara wọn tan rárá. Ẹni tí kò gbọ́ èdè ọjà, báwo ló ṣe fẹ́ nájà, ta ló fẹ́ pè wá rajà? Opó wà nínú wọn, àwọn tó ní HIV wà nínú wọn, ọ̀pọ̀ ló sì ń tọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò tó ti kú mọ́ tiwọn. Òkúta nìkan ni kò béèrè èdè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Obìnrin á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á fi òòlù fọ́ òkúta ńlá di wẹ́wẹ́, á rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, iye kẹ́ẹ̀gì tó bá kún ni wọ́n á fi ṣírò owó rẹ̀. Owó ọjọ́ kan kì í sábà tó dọ́là kan. Ọmọ tó bá ti lè gbé òòlù á jókòó ti ìyá rẹ̀, eruku á bo tìyá tọmọ, èérún òkúta á máa ta sí wọn lójú.

Àdúgbò yìí ni àwọn obìnrin Amẹ́ríkà mẹ́ta dé ní ọdún 2004: Torkin Wakefield, ọmọ rẹ̀ Devin Hibbard, àti ọ̀rẹ́ wọn Ginny Jordan. Wọ́n rí obìnrin kan tó jókòó síwájú ilé rẹ̀, tó ń ká bébà di ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n dúró bá a sọ̀rọ̀. Ó ní òun fẹ́ràn iṣẹ́ náà, àmọ́ kò sí ẹni tó ń rà á, òkúta lòun ń fọ́ jẹun. Wọ́n ra díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n kó o sọ́rùn, àwọn tó rí i lọ́rùn wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí wọ́n ti rà á. Báyìí ni àjọ BeadforLife ṣe bẹ̀rẹ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ síbí, torí ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń gbé ìtàn náà gba ẹ̀bùrú. Wọ́n á ní òyìnbó ló wá kọ́ wọn níṣẹ́. Rárá o. Iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ obìnrin yẹn kí ẹnikẹ́ni tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí kò ní ni oníbàárà, oníbàárà náà sì ni àwọn àlejò mẹ́ta yẹn mú wá. Bí ẹ bá yọ ìyẹn kúrò, ìlẹ̀kẹ̀ á máa pọ̀ sí i nínú agbọ̀n rẹ̀ ni, òun á sì máa padà sídìí òkúta láràárọ̀.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ dùn ún wò. Bébà tó nípọn díẹ̀ tó sì ń dán ló dára jù: kàlẹ́ńdà ọdún tó ti kọjá, pósítà, ìwé ìròyìn aláwọ̀ mèremère, ìwé tí wọ́n fi ń polówó ọjà. Wọ́n á fi rúlà àti bírò fa ìlà sẹ́yìn rẹ̀, onígun mẹ́ta gbọọrọ tó fẹ̀ nísàlẹ̀, tó ṣe ṣóńṣó lókè, wọ́n á wá gé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìdí rẹ̀ bá ṣe fẹ̀ tó ni ìlẹ̀kẹ̀ á ṣe gùn tó. Bí ìgé náà bá ṣe gùn tó ni ìlẹ̀kẹ̀ á ṣe sanra tó. Ìdí yẹn ni wọ́n á kọ́kọ́ fi lé ara abẹ́rẹ́ ńlá tàbí wáyà tín-ín-rín, wọ́n á wá máa fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá yí i lọ, kó le pinpin, kó má sì yẹ̀ sápá kan. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ á wọ́. Bó bá dẹ̀, á tú nígbà tí fáníìṣì bá kàn án. Tó bá ku ṣóńṣó rẹ̀, wọ́n á kán gọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á fa abẹ́rẹ́ yọ. Ihò tí okùn máa gbà kọjá ti wà níbẹ̀ nìyẹn.

Àwọ̀ ibẹ̀ ló wù mí jù. Kì í ṣe àwòrán orí bébà ló máa hàn lára ìlẹ̀kẹ̀ bí kò ṣe etí bébà náà, òrùka lórí òrùka. Ojú olóṣèlú tó ń rẹ́rìn-ín lórí pósítà ìbò lè di ìlà pupa àti yẹ́lò lásán, tí ìyá rẹ̀ pàápàá ò ní dá a mọ̀ mọ́. Èèyàn ní láti ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ kó tó lè wo bébà tí wọn ò tíì gé, kó sì mọ irú ìlẹ̀kẹ̀ tó máa ti inú rẹ̀ jáde.

Tí wọ́n bá ti ká a tán, wọ́n á sín in sórí okùn, wọ́n á rì í bọ inú fáníìṣì, wọ́n á fi kọ́ sínú oòrùn. Bó bá gbẹ, wọ́n á tún rì í, ó sì lè ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Fáníìṣì yìí ló ń mú kó dán bíi gíláàsì, tí omi ò fi ní tètè bà á jẹ́. Lásìkò òjò, iṣẹ́ á falẹ̀, Kampala sì ní àsìkò òjò méjì lọ́dún. Ẹ rántí pé yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin náà ń gbé: òórùn fáníìṣì, ìkòkò ọbẹ̀, ẹní ọmọ, inú yàrá kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n á to ìlẹ̀kẹ̀ bébà pọ̀ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ onígíláàsì tí wọ́n rà lọ́jà, wọ́n á fi ìkọ́ sí i, ó ti di ẹ̀gbà ọrùn.

Àbí ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀fẹ́ mọ́? Pàǹtírí ni bébà, kò sírọ́ ńbẹ̀. Àmọ́ gọ́ọ̀mù, fáníìṣì, okùn, ìkọ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́, owó ni wọ́n fi ń rà á. Bébà pàápàá kò tó he nílẹ̀ mọ́ nígbà tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà di ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Òpópónà Nasser Road ní àárín Kampala ni àwọn ilé ìtẹ̀wé kóra jọ sí, ibẹ̀ ni kàlẹ́ńdà àti pósítà ìbò ti ń jáde. Ìgékù tí wọ́n ń dà nù tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí èèyàn ń náwó lé. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn: bí pàǹtírí bá ti ní ẹni tó ń wá a kiri, ó ti ní olówó orí. Ẹni tó bá ń ṣírò irú iṣẹ́ yìí, tó wá kọ òdo síwájú ohun èlò, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Ọ̀nà tí BeadforLife gbà tà á náà yẹ kéèyàn wò dáadáa. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, kí wọ́n máa retí ẹni tó máa kọjá. Ilé àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ń kó o ránṣẹ́ sí. Onílé á pe àwọn ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, á to ìlẹ̀kẹ̀ sórí tábìlì, á sọ ìtàn Kireka fún wọn, wọ́n á rà, á wá fi owó àti èyí tó kù ránṣẹ́ padà. Kò sówó ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, kò sí alárobọ̀ tó ń jẹ láàárín. Ẹni tó bá ti ta léèsì tàbí góòlù nínú ìpàdé ẹgbẹ́ rí mọ agbára tó wà nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀rẹ́ kì í jẹ́ kéèyàn dìde lọ́wọ́ òfo.

Ṣùgbọ́n ojú ọ̀rẹ́ kì í ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tí fáníìṣì bá bó lọ́rùn oníbàárà láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, kò sí ìtàn ogun tó máa mú un tún rà. Nítorí náà àyẹ̀wò wà ní Kampala kí wọ́n tó sanwó: èyí tó bá wọ́, tàbí tó lẹ̀ mọ́ ara wọn, ó di ti ẹni tó ṣe é. Obìnrin tí wọ́n bá dá ọjà rẹ̀ padà lè fajú ro, ta ni kò ní fajú ro? Síbẹ̀ mo fara mọ́ ọn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín òwò àti sàráà nìyẹn.

Wàyí o, òfin kan wà nínú ètò BeadforLife nígbà náà tó jẹ́ pé nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa rẹ̀, ó bí mi nínú. Obìnrin tó bá wọlé sínú ètò yìí kò ní máa ṣe ìlẹ̀kẹ̀ fún àjọ náà títí ayé. Oṣù 18 ni. Láàárín oṣù 18 yẹn, wọ́n á máa ra ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, á máa fi owó pamọ́, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣòwò àti bí wọ́n ṣe ń ya èrè sọ́tọ̀ kúrò lára ojú owó, á sì mú òwò mìíràn tó máa dá sílẹ̀. Tí oṣù 18 bá pé, ó jáde, ẹlòmíràn á bọ́ sípò rẹ̀. Ẹni tó ṣì ń fọ́ òkúta ní èṣí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí owó iléèwé ọmọ san, ẹ wá ní kó jáde?

Nígbà tí mo jókòó rò ó dáadáa ni mo rí ọgbọ́n inú rẹ̀. Ọrùn mélòó ló wà ní Amẹ́ríkà tó máa ra ẹ̀gbà bébà lọ́dọọdún? Ìlẹ̀kẹ̀ bébà kì í ṣe iyọ̀, kì í ṣe ọṣẹ. Ẹni tó bá ní méjì ti ní i tó. Bí àwọn àkọ́kọ́ bá jókòó pa síbẹ̀, àwọn tó kù lórí òkè kò ní rí àyè wọlé láéláé, lọ́jọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá sì yíjú sí ohun mìíràn, gbogbo wọn á jọ ṣubú pọ̀ ni. Ohun kan tún wà. Owó tí èèyàn mọ ọjọ́ tó máa dáwọ́ dúró, ọwọ́ tí èèyàn fi ń ná an yàtọ̀. Obìnrin tó mọ̀ pé ọjà ìlẹ̀kẹ̀ òun ku oṣù mẹ́fà á tètè ra adìẹ, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í ta èédú, ẹja gbígbẹ, òkìrìkà. Àwọn wọ̀nyẹn kò dára fún fọ́tò tó ẹ̀gbà aláràbarà, àmọ́ aládùúgbò máa ń ra èédú lójoojúmọ́, kò sì dìgbà tó bá gbọ́ ìtàn ẹ kó tó rà á.

Ilé ni èyí tó hàn sójú ayé jù. Ní Mukono, ní ìlà oòrùn Kampala, BeadforLife àti Habitat for Humanity, àjọ tó ń bá àwọn aláìní kọ́lé, jọ kọ́ ilé tó lé ní 100 sójú kan, wọ́n sì pè é ní Friendship Village. Owó ìlẹ̀kẹ̀ ni àwọn obìnrin fi ń san owó ilé náà. Ẹ má fojú kékeré wò ó. Lábẹ́ àṣà Acholi, ìdí ọkọ àti ẹbí ọkọ ni obìnrin ti ń rí ilẹ̀ lò. Bí ọkọ bá kú tí àwọn ará ilé bá sì yarí, opó náà lè rìn jáde pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Ilé tí ó ti owó ìlẹ̀kẹ̀ wá, ta ló máa wá sọ fún un níbẹ̀ pé ẹbí fẹ́ ṣèpàdé?

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn. Ìlẹ̀kẹ̀ bébà rọrùn láti kọ́, ohun tó jẹ́ kó ran àwọn tí kò kàwé lọ́wọ́ nìyẹn, òun náà ló sì bà á jẹ́. Kò pẹ́ tí ọjà iṣẹ́ ọnà ní Buganda Road àti ẹ̀yìn Tíátà Àpapọ̀ ní Kampala fi kún fún un, ìsọ̀ kan jọ ìkejì, ẹni tó bá dínwó jù ni àlejò á dúró tì. Àwọn àjọ mìíràn dá irú ètò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, àwọn kan fún wọn ní ọjà gidi, àwọn kan kọ́ wọn níṣẹ́ lásán. Obìnrin tí kò ní ẹni tó máa kó ọjà rẹ̀ sókè òkun wá ń tà á ní iye tí kò kájú ọjọ́ tó fi jókòó. Ibi ìfọ́kùúta náà kò sì tìtorí ìlẹ̀kẹ̀ dákẹ́. Àwọn tí ètò kò kàn, òòlù ni wọ́n padà gbé.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ Kireka yẹ̀ wò báyìí ni ohun tí mò ń rí nílé. Ọwọ́ wa ò rọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ìbàdàn, Adejoke Lasisi tó dá ilé iṣẹ́ Planet 3R sílẹ̀, tó sì jẹ́ ọmọ ìdílé ahunṣọ, ń hun ọ̀rá pure water lọ́nà tí wọ́n ń gbà hun aṣọ òkè, ó ń fi ṣe báàgì àti bàtà. Àwọn mìíràn ń fi táyà ṣe àga, wọ́n ń to ìgékù áńkárá pọ̀ di ìborùn. Ẹni tó bá wá ń pariwo lórí rẹ̀ pé iṣẹ́ nìkan ló ku kí wọ́n kọ́, kò wo ilẹ̀ dáadáa. Mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń dá àwọn obìnrin lẹ́kọ̀ọ́ irú èyí. Wọ́n pín fìlà, wọ́n pín ìrẹsì nínú ike, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fún wọn ní sátífíkéètì. Nígbà tí wọ́n ní ṣé ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, ìyá kan tó ń ta ata dìde.

"Ẹ ṣé o, mà. A ti mọ̀ ọ́n hun. Ta wá ni yóò rà á?"

Ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ wọn rẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹ ní kí àwọn ọmọ yín bá yín gbé e sórí Facebook."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ìyá jókòó. Kò sí ẹni tó béèrè iye wákàtí tó ń gba báàgì kan kó tó parí, tàbí iye tí ẹnì kan á san lé e ní Bódìjà. Ìyẹn ni wọn ì bá ti fi bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá lè mú oníbàárà mẹ́wàá wá sàn fún wọn ju olùkọ́ mẹ́wàá lọ.

Ní ti Uganda, àpérò àlàáfíà láàárín ìjọba àti àwọn èèyàn Kony bẹ̀rẹ̀ ní Juba, tó jẹ́ olú ìlú South Sudan lónìí, ní oṣù keje ọdún 2006, wọ́n fọwọ́ sí ìdáwọ́ ogun dúró ní oṣù kẹjọ. Kony àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi Uganda sílẹ̀ lọ sáwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká, àwọn àgọ́ àríwá sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú díẹ̀díẹ̀. Lára àwọn ará Kireka, àwọn kan padà sílé. Àwọn mìíràn dúró, torí iléèwé àwọn ọmọ, torí oògùn HIV tí wọ́n ń gbà ní Kampala, tàbí torí pé ìjà ilẹ̀ ló ń dúró dè wọ́n lábúlé. Wọ́n ṣì ń ká ìlẹ̀kẹ̀ ní Acholi Quarter. Àlejò tó bá gun òkè náà lọ lè jókòó tì wọ́n, kí wọ́n kọ́ ọ, kó sì ra èyí tó bá wù ú láìsí alágbàtà kankan láàárín.

BeadforLife ní tirẹ̀ ti kúrò nídìí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ̀kọ́ òwò tí wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin láàárín oṣù 18 yẹn ló gba iwájú nígbà tó yá. Wọ́n sọ ọ́ ní Street Business School, Devin Hibbard ló ṣáájú rẹ̀, wọ́n sì gbé e dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn nípa kíkọ́ àwọn àjọ tó wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn kì í kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà kankan níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ obìnrin ni kó wo àdúgbò rẹ̀, kó mọ ohun tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ń wá, kó sì fi owó kékeré tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.